Láti Òpó L40 dé Hugin: Ìtàn Síso Fọ́tò Pọ̀ àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Ìtàn ní Minna

Àṣamọ̀

Pépà yìí tọpasẹ̀ bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ láti so ọ̀pọ̀ fọ́tò tí wọ́n jọ ní apá kan pọ̀ di àwòrán gbòòrò kan ṣoṣo, èyí tí a ń pè ní pánórámà. A bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, a gba ọ̀dọ̀ àwọn awọnlẹ̀ tí wọ́n fi Minna ṣe ìdákọ̀ró máàpù Nàìjíríà, a ya yàrá òkùnkùn àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún, a sì parí rẹ̀ sórí Hugin, sọ́fítíwìa ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsanwó. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àmì tí àwòrán méjì jọ ní ni ó ń so wọ́n pọ̀ ní òótọ́, àti pé fọ́tò àjọsopọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè tú ojú ìsopọ̀ rẹ̀ wò kò tíì yẹ ní pípè ní ẹ̀rí ìtàn. A dá a lábàá pé kí àwọn ẹ̀ka Ìtàn máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní iṣẹ́ yìí, kí wọ́n sì máa tọ́jú fọ́tò ìpìlẹ̀ àti fáìlì iṣẹ́ pọ̀ mọ́ àbájáde rẹ̀.

Ìfáárà

Láti sáà 2009/2010 ni Ìtàn ti kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró. Ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ lẹ́yìn náà pé kí ó padà. Ìpadàbọ̀ yìí gbé ẹrù lé èjìká àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́. Ọmọ tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Bosso tàbí ní Chanchaga ní láti rí àyíká tirẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, kí ó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ níbi tó ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́ náà nílò ohun èlò, àwọn ohun àtijọ́ tó sì wà ní àyíká wa kì í dúró dè wá. Òjò ń pa ògiri àwókù, ilé tuntun ń dìde níwájú ilé àtijọ́, kò sì sí ẹni tó ń ránṣẹ́ sí ẹ̀ka Ìtàn kí wọ́n tó wó ògiri kan.

Fọ́tò ni ọ̀nà tó yá jù láti mú irú ohun bẹ́ẹ̀ dè. Ìṣòro rẹ̀ ni pé fọ́tò kan ṣoṣo kì í gba gbogbo ohun tí ojú rí. Ẹni tó dúró sí àárín àwókù Zungeru lè ya ògiri kan, kí ó má rí èkejì yà mọ́ ọn. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ní bọ́tìnì pánórámà. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́, á yí ara rẹ̀, àwòrán gbòòrò á sì jáde. Kí wá ni ìdí tí a fi ń kọ pépà lórí ohun tí bọ́tìnì ti ṣe tán? Ìdí ni pé bọ́tìnì kì í sọ ohun tó ṣe. Ó gé níbi tó wù ú, ó lẹ̀ níbi tó wù ú, kò sì sọ ibi tó ti gé tàbí ibi tó ti lẹ̀ fún ẹni tó ń lò ó. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ òpìtàn kò kọjá kí a bi ẹ̀rí pé, ‘Báwo ni o ṣe dé ibí?’

Kí kámẹ́rà tó dé, àti lẹ́yìn tó dé

Ìfẹ́ láti rí ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà ti wà ṣáájú kámẹ́rà. Ní 1787, Robert Barker, ọmọ Ireland kan tó ń fi ọwọ́ ya àwòrán ní Edinburgh, gba ìwé-ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí ọ̀nà tí a lè gbà ya àwòrán tí yóò yí ẹni tó ń wò ó ká. Nígbà tó di 1793, ó ti kọ́ ilé róbótó kan sí Leicester Square ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sanwó kí wọ́n lè dúró sí àárín àwòrán náà. Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fa orúkọ tí wọ́n fún un yọ: ‘pan’ ni gbogbo, ‘horama’ ni ohun tí ojú rí.

Nígbà tí fọ́tò dé, kò sí awò kámẹ́rà tó lè gba odidi ìlú. Ohun tí àwọn ayàwòrán ṣe ni pé wọ́n yà á ní ẹyọ ẹyọ, wọ́n sì tò ó síra. Ní 1848, Charles Fontayne àti William Porter fi àwo fàdákà mẹ́jọ ya èbúté Cincinnati ní Amẹ́ríkà, àwo kọ̀ọ̀kan ń gba ibi tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ parí sí. Ní 1878, Eadweard Muybridge dúró sórí òkè kan ní San Francisco, ó sì fi àwo mẹ́tàlá ya gbogbo ìlú náà yípo.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ Muybridge, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ fún òpìtàn. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ya àwo ńlá mẹ́tàlá ní ìṣẹ́jú kan náà. Bó ṣe ń yà wọ́n ni oòrùn ń rìn, òjìji ilé sì ń yí padà. Ẹni tó bá wo gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòrán kan yóò rò pé ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ni òun ń wò, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n rán pọ̀. Àwòrán náà kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sí ní ìṣẹ́jú kankan tí San Francisco rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀: ta ló so ó pọ̀, àmì wo ni ó sì fi so ó?

Minna, ìlú ìsopọ̀

Àwọn tó kọ́kọ́ fún ìbéèrè yìí ní ìdáhùn tó ṣe é wọ̀n ni àwọn awọnlẹ̀, Minna sì wà ní àárín iṣẹ́ wọn ní Nàìjíríà. Kí a tó sọ ti ilẹ̀ wíwọ̀n, ẹ jẹ́ kí a rántí bí ìlú yìí ṣe dàgbà. Ọ̀nà rélùwéè méjì ló pàdé níbẹ̀. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, ó gba Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ìlọrin, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti Baro létí odò Ọya ní 1907, ó sì dé Kano ní 1911. Minna ni wọ́n ti so ara wọn, nígbà tó sì di 1912, wọ́n da méjèèjì pọ̀ di Nigerian Railway. Ohun tó mú kí ó ṣeé ṣe ni pé fífẹ̀ irin ọ̀nà méjèèjì dọ́gba, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íǹṣì mẹ́fà. Ká ní ìwọ̀n wọn yàtọ̀ ni, ọkọ̀ kò ní lè ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Ọ̀nà yìí náà ni ọ̀pọ̀ Yorùbá, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ rélùwéè, gbà dé àárín àwọn Gbagyi, Nupe àti Hausa tí wọ́n bá níbẹ̀.

Ìsopọ̀ kejì kò hàn sójú bíi ti rélùwéè, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ. Nígbà ìjọba amúnisìn, àwọn awọnlẹ̀ wọn ìlà gígùn kan sílẹ̀ nítòsí ìlú yìí, èyí tí a mọ̀ sí Minna Base. Láti orí ìlà tí wọ́n mọ gígùn rẹ̀ dájú yìí, wọ́n ń wo igun láti orí òkè kan sí òkè kejì, láti ibẹ̀ sí ìkẹta, títí àwọ̀n onígun mẹ́ta fi bo ilẹ̀ náà. Òpó tó wà ní ìparí ìlà náà ní apá àríwá ni a ń pè ní L40. Ó wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n 9°38′ ní àríwá àti 6°31′ ní ìlà-oòrùn. Òun ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí ìdákọ̀ró, wọ́n sì ka ilẹ̀ ayé sí ẹyin tí ìrísí rẹ̀ bá ìṣirò Clarke ti 1880 mu. Orúkọ ètò náà ni Minna Datum. Láti orí òpó yìí ni wọ́n ti ń ka ipò ìlú, odò àti ààlà lórí máàpù Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ Sókótó tàbí Kàlàbá.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa lè dán èyí wò fúnra yín. Ẹ ṣí QGIS, sọ́fítíwìa ọ̀fẹ́ tí a fi ń ya máàpù, kí ẹ sì tẹ ‘Minna’ síbi tí a ti ń yan ètò ìwọ̀n ilẹ̀. Ẹ óò rí i pẹ̀lú nọ́ńbà EPSG:4263, níbikíbi tí ẹ bá wà láyé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Minna ni kò mọ̀ pé orúkọ ìlú wọn wà nínú kọ̀ǹpútà gbogbo awọnlẹ̀ àgbáyé. Ẹ̀kọ́ ìtàn kan ti wà nínú ìyẹn nìkan.

Ohun tí ó kan kókó wa nínú rẹ̀ ni pé àwọn awọnlẹ̀ kò so máàpù kan mọ́ èkejì nítorí pé etí wọn jọra. Wọ́n so wọ́n nítorí pé òkè kan náà, tí a wò láti ibi méjì, fara hàn lórí méjèèjì. Àmì àjọní ni a ó máa pe irú ohun bẹ́ẹ̀ nínú pépà yìí, apá tí àwòrán méjì sì jọ gbà ni a ó máa pè ní apá àjọní.

Láti ojú òfurufú

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Bìrìtìkó dá Directorate of Colonial Surveys sílẹ̀ ní 1946. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú kan, RAF 82 Squadron, sì fi ọkọ̀ Lancaster ya fọ́tò apá púpọ̀ nínú Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Òfin iṣẹ́ wọn rọrùn láti sọ: kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan jọ ní nǹkan bíi ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú èyí tó tẹ̀lé e, kí ìlà ọkọ̀ kan sì jọ ní nǹkan bíi ìdá ọgbọ̀n pẹ̀lú ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò pè é ní ìnákúnàá fíìmù. Ṣùgbọ́n nínú apá àjọní yẹn ni gbogbo agbára iṣẹ́ náà wà. Òun ni ó ń jẹ́ kí awọnlẹ̀ mọ bí òkè ṣe ga tó àti bí fọ́tò kan ṣe jókòó ti èkejì.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni ìmọ̀ yìí wà, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní 1972 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ àpapọ̀ kan sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ àbójútó Àjọ Ètò Ọrọ̀ Ajé Áfíríkà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. RECTAS ni wọ́n ń pè é nígbà náà, AFRIGIST ni lónìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọ́ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní iṣẹ́ fọ́tò òfurufú.  Kì í ṣe olùkọ́ Ìtàn ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún.

Yàrá òkùnkùn ní Ìlá-Ọ̀ràngún

Kì í ṣe awọnlẹ̀ nìkan ló ń so àwòrán pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní 1975, Stephen Sprague, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí láàárín àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ohun kan tó rí níbẹ̀ kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n.

Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, àwọn òbí a máa mú èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Onífọ́tò á yà á, á wọ yàrá òkùnkùn, á sì tẹ àwòrán ọmọ kan náà sórí bébà kan lẹ́ẹ̀mejì, á máa bo apá kan nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń kan apá kejì. Ìbejì méjì á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí òkú bá jẹ́ obìnrin tí alààyè sì jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ ọkùnrin, lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ obìnrin. Iṣẹ́ tí onífọ́tò fi ń yangàn ni pé kí ìlà tó wà láàárín àwòrán méjèèjì má hàn. Àwọn ìdílé kan ń lo irú fọ́tò yìí níbi tí wọn ì bá ti lo ère ìbejì.

Ǹjẹ́ irọ́ ni fọ́tò náà? Fún ìyá àwọn ọmọ náà, kì í ṣe irọ́ rárá. Ìbejì kì í ṣe ẹnì kan lójú Yorùbá, fọ́tò náà sì sọ ohun tí ìdílé mọ̀ sí òtítọ́. Gbogbo ẹni tó wà nílé ló mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n bí fọ́tò yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ àlejò lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, tí kò sì sí ẹni tí yóò sọ ìtàn rẹ̀, yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ méjì ló jókòó níwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà. Ìmọ̀ nípa ojú ìsopọ̀ ló ń ya ìwé ìrántí sọ́tọ̀ kúrò lára àṣìkà. Nígbà tí ìmọ̀ yẹn bá kú, fọ́tò náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ènìyàn lọ́nà láìṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Láti 1983: bí ìmọ̀ náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ayé

Ọdún 1983 ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ní oṣù kejì ọdún náà ni wọ́n dá Federal University of Technology sílẹ̀ ní Minna. Ní oṣù kẹsàn-án, Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU ní Amẹ́ríkà, èyí tó fi lélẹ̀ pé ó yẹ kí ẹni tó ń lo sọ́fítíwìa ní ẹ̀tọ́ láti kà á, láti tún un ṣe àti láti fún ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹwàá, Peter Burt àti Edward Adelson tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí a ṣe lè da etí àwòrán méjì pọ̀ kí ojú má rí ìlà. Àwọ̀ tó gbòòrò bíi ti ojú ọ̀run ni kí a yọ́ pọ̀ lórí àyè fífẹ̀, fínnífínní bíi ti ewé àti bíríkì ni kí a yọ́ pọ̀ lórí àyè tóóró. Nǹkan mẹ́ta tí kò mọ ara wọn ni wọ̀nyí nígbà náà, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ń so fọ́tò pọ̀ ní Minna lónìí ń jẹ àǹfààní wọn.

Ṣáájú èyí, ní 1981, Martin Fischler àti Robert Bolles ti rí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà mọ àmì tó ń purọ́ láàárín ọ̀pọ̀ àmì. Ó jọ bí àwọn àgbà ṣe ń dá ẹjọ́. Kọ̀ǹpútà á mú ẹlẹ́rìí díẹ̀ ṣẹ́ṣẹ́, á wo iye àwọn yòókù tí ọ̀rọ̀ wọn bá tiwọn mu, á tún mú àwọn mìíràn, títí yóò fi rí ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí tó pọ̀ jù ti lẹ́yìn. Àwọn tó bá dá yàtọ̀ ni yóò yọ kúrò. Ní 1999, David Lowe ní University of British Columbia ní Kánádà gbé SIFT jáde, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi lè dá ojú kan náà mọ̀ nínú fọ́tò méjì bí ọ̀kan tilẹ̀ tóbi ju èkejì lọ tàbí tí ó yí. Ní 2003, òun àti Matthew Brown fi hàn pé kọ̀ǹpútà lè fúnra rẹ̀ ṣa fọ́tò tó jọ jẹ́ ti pánórámà kan láàárín òkìtì fọ́tò.

Ti sọ́fítíwìa náà nìyí. Ní 1998, Helmut Dersch, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Furtwangen ní Jámánì, kọ Panorama Tools, ó sì fi í sílẹ̀ kí ayé máa lò ó. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, IPIX, dìde sí i pé ó tẹ ẹ̀tọ́ àwọn lójú, ó sì di dandan fún un láti fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nítorí pé kóòdù ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ti wà níta pẹ̀lú ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́, àwọn mìíràn gbé e, wọ́n sì ń bá a lọ. Ní 2003, Pablo d'Angelo bẹ̀rẹ̀ Hugin, tó fún Panorama Tools ní ojú tí èèyàn lásán lè lò. Andrew Mihal kọ Enblend láti inú ìmọ̀ Burt àti Adelson. Sebastian Nowozin kọ èyí tó ń fi SIFT wá àmì àjọní. Nígbà tí ìwé-ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ SIFT ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn oníṣẹ́ Hugin kọ ti ara wọn, cpfind, tó wọlé pẹ̀lú ẹ̀dà 2010.4. Ìwé-ẹ̀tọ́ SIFT fúnra rẹ̀ parí ní 2020.

Ó yẹ kí a ya ọ̀fẹ́ méjì sọ́tọ̀ níbí. Microsoft náà ní èyí tó ń so fọ́tò pọ̀ tẹ́lẹ̀, Image Composite Editor, tí wọn kì í gbowó lé. Nígbà tó wù wọ́n, wọ́n mú un kúrò nílẹ̀, ẹni tó ti kọ́ kíláàsì rẹ̀ lé e kò sì rí ibi gbà á mọ́. Ọ̀fẹ́ owó nìyẹn. Hugin ní ọ̀fẹ́ owó, ó tún ní òmìnira: a lè kó o sórí fíláàṣì kan, kí a pín in fún ogójì akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí òfin tí a rú. Bí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ lónìí bá fi í sílẹ̀, ẹlòmíràn lè gbé e, bí wọ́n ti ṣe gbé ti Dersch.

Hugin nínú kíláàsì Ìtàn

Ẹ jẹ́ kí a fi Zungeru ṣe àpẹẹrẹ. Láti 1902 dé 1916 ni ìlú yìí fi jẹ́ olú-ìlú Àríwá Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n bí Nnamdi Azikiwe sí ní 1904, kò sì jìnnà sí Minna. Àwókù ilé ìjọba amúnisìn wà níbẹ̀ tí kò lè wọnú fọ́tò kan tán.

Níbi yíyà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí ojú kan, kí ó mú fóònù dúró ní òòró, kí ó sì yí fóònù náà síbi tó wà dípò kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn. Bí ó bá rìn, igi tó wà nítòsí yóò sún ju ògiri tó wà lókèèrè lọ, àmì kò sì ní bára mu. Kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi ìdá mẹ́ta èyí tó ṣáájú rẹ̀. Kí ó ti ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ pa bí fóònù bá gbà á láyè, kí apá kan má baà funfun ju èkejì lọ. Ìgbà òjò ni ojú ọ̀run mọ́, ṣùgbọ́n ìkùukùu ń rìn láàárín fọ́tò méjì. Ìgbà ọyẹ́, ìkùukùu kò sí, ṣùgbọ́n eruku á bo òkè tó wà lókèèrè, àmì àjọní yóò sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Bí wọ́n bá ti kó fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà, Hugin yóò ka ìwọ̀n awò kámẹ́rà láti inú fáìlì fọ́tò, cpfind yóò sì wá àmì àjọní. Níbí ni kí olùkọ́ ti dá kíláàsì dúró. Hugin máa ń fi fọ́tò méjì hàn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹ̀lú àmì tí wọ́n jọ ní: igun fèrèsé kan, orí bíríkì kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó pa èyí tó wà lórí ìkùukùu tàbí lórí ènìyàn tó ń kọjá rẹ́, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi kún un níbi tí ẹ̀rọ kò ti rí. Lẹ́yìn náà ni Hugin yóò ṣírò ipò fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò kan ni yóò mú gẹ́gẹ́ bí ìdákọ̀ró, tí yóò fi wọn gbogbo ìyókù mọ́ ọn, gẹ́lẹ́ bí àwọn awọnlẹ̀ ṣe ṣe pẹ̀lú L40. Yóò sì sọ iye píksẹ́lì tí àmì fi jìnnà síra. Iye kékeré fi hàn pé ẹ̀rí bára mu. Iye ńlá fi hàn pé ẹlẹ́rìí kan ń ṣi wá lọ́nà, kí a padà lọ wá a.

Ó kù kí a yan bí a ó ṣe tẹ́ àwòrán náà sílẹ̀, nítorí ohun tó yí wa ká kò lè di pẹlẹbẹ kí ó má wọ́ níbì kan. Ìṣòro yìí kan náà ni gbogbo olùkọ́ Jọ́gíráfì ń bá pàdé lórí máàpù àgbáyé. Lẹ́yìn èyí ni Enblend yóò yọ́ etí pọ̀. Gbogbo rẹ̀ lè parí láìlo íntánẹ́ẹ̀tì bí sọ́fítíwìa bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà kan náà ni a lè lò fún máàpù àtijọ́ tàbí ìwé ńlá tó ju ẹ̀rọ síkánà lọ: kí a síkáànì rẹ̀ ní abala abala tó ní apá àjọní, kí a sì so ó pọ̀.

Ọ̀ṣọ́ tàbí ẹ̀rí?

Fọ́tò tó jáde yóò dùn ún wò. Ewu ibẹ̀ ni pé yóò dùn ún wò jù. Enblend ń ṣe lónìí ohun tí onífọ́tò Ìlá ń fi ọwọ́ ṣe, ìlà kò sì ní hàn. Ọmọ kan tó sáré kọjá lè fara hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú àwòrán kan náà, tàbí kí ó pòórá pátápátá. Ògiri lè dà bíi pé ó tẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé bẹ́ẹ̀ ni ògiri Zungeru rí.

Ṣùgbọ́n Hugin yàtọ̀ sí bọ́tìnì fóònù àti sí yàrá òkùnkùn ní ọ̀nà kan tó yẹ kí òpìtàn dúpẹ́ fún. Ó máa ń pa iṣẹ́ mọ́ sínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pto, ọ̀rọ̀ lásán sì ni ohun tó wà nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kà. Ìlà kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ‘i’ ń sọ fọ́tò kan àti ipò rẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘c’ ń sọ àmì àjọní kan, fọ́tò méjì tó ni ín àti ibi tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, àkọsílẹ̀ ojú ìsopọ̀ ni. Bí a bá tọ́jú fáìlì yìí pẹ̀lú àwọn fọ́tò ìpìlẹ̀, ẹni tí yóò dé lẹ́yìn ogójì ọdún lè tú iṣẹ́ wa, kí ó wo àmì tí a fi so ó, kí ó sì tún un ṣe bí a bá ṣì í. Ohun tí ìdílé Ìlá fi ẹnu sọ fún ara wọn, tí ó lè kú pẹ̀lú àwọn àgbà, fáìlì yìí lè sọ ọ́ fún àlejò.

Bí a bá tọ́jú àwòrán tó jáde nìkan tí a sì pa ìyókù rẹ́ nítorí àyè fóònù kún, ọ̀ṣọ́ ògiri la ní. Bí a bá tọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rí la ní.

Ìgúnlẹ̀ àti Àbá

A ti rí i pé rélùwéè, máàpù, fọ́tò òfurufú, fọ́tò ìbejì àti Hugin jọ ní ìbéèrè kan: kí ni àwọn apá yìí jọ ní tí a fi lè so wọ́n pọ̀, ta ni yóò sì jẹ́rìí sí i? Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni Minna ti jẹ́ ibi tí àwọn mìíràn ti ń so ilẹ̀ wa pọ̀ fún ète tiwọn. Irinṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ wa báyìí. Nítorí náà, a dá àwọn àbá wọ̀nyí:

1. Kí àwọn ẹ̀ka Ìtàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ fi iṣẹ́ ìta kan tó kéré tán kún ẹ̀kọ́ NCE, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti fi Hugin so fọ́tò ibi ìtàn kan ní àyíká rẹ̀ pọ̀.

2. Kí a má gba iṣẹ́ kankan àfi bí fọ́tò ìpìlẹ̀, fáìlì .pto àti àwòrán tó jáde bá wà pọ̀, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti ibi tí a ti yà á.

3. Kí máàkì wà fún àlàyé ojú ìsopọ̀: àmì wo ni akẹ́kọ̀ọ́ yọ, kí ló dé tó fi yọ ọ́, kí ló wọ́ nínú àwòrán náà, ta ló fara hàn lẹ́ẹ̀mejì?

4. Kí ẹ̀ka Ìtàn, Jọ́gíráfì àti Kọ̀ǹpútà ṣe é pọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

5. Kí ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì tọ́jú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí lọ́dọọdún sórí ju ibi kan lọ, kí olùkọ́ tó ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní Bosso, Kontagora tàbí Bida lè rí ìlú tí yóò fi kọ́ ọmọ níwájú rẹ̀.

Ẹ̀ka tó bá bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀ kò nílò ju kọ̀ǹpútà kan, fóònù kan àti ọjọ́ kan ní Zungeru lọ. Kí òjò tó ń bọ̀ tó wó ògiri tó kù níbẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan ti yà á.